Noodles inú omi àti noodles gbígbẹ: èwo ni kí ẹni tó ń ṣọ́ ṣúgà mú?

Ọ̀rá noodles méjì ló wà lórí tábìlì ìdáná mi ní Adó-Èkìtì bí mo ṣe ń kọ èyí. Àbúrò mi tó ń gbé ní Manchester ló fi wọ́n ránṣẹ́ láti ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Éṣíà. Méjèèjì funfun, méjèèjì tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹ bá sì sè wọ́n tán, wọ́n á máa dán bí omi tó dì. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ìkan náà ni wọ́n. Nínú gíráàmù 100 ti àkọ́kọ́, shirataki tó wà nínú omi, afúnnilókun (carbohydrate, èyí tí ara máa ń sọ di ṣúgà) kò ju bíi gíráàmù 3 lọ, fáíbà, èyí tí ara kì í sọ di ṣúgà, ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Nínú gíráàmù 100 ti èkejì, glass noodles gbígbẹ, kí ẹ tó sè é, afúnnilókun tó nǹkan bíi gíráàmù 86.

Màámi ló jẹ́ kí n máa wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ. Ùyán là ń pe iyán ní Èkìtì, nílé wa, ẹni tí kò tíì jẹ ùyán kò tíì jẹun. N kò ní parọ́ fún yín pé noodles kankan láti Japan tàbí Ṣáínà lè gba ipò rẹ̀. Ohun tí Màámi ń fẹ́ ni oúnjẹ alẹ́ tí wọ́n lè fi jẹ ọbẹ̀, tó máa kún àwo, tí kò sì ní jẹ́ kí wọ́n máa bẹ̀rù ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà bí ilẹ̀ bá mọ́. Iṣu tútù ní nǹkan bíi gíráàmù 28 afúnnilókun nínú gíráàmù 100, àwo ùyán kan nílé wa kì í sì í ṣe gíráàmù 100.

Nígbà àkọ́kọ́ tí àbúrò mi ra nǹkan ránṣẹ́, ó rí i tí wọ́n kọ "bean" sára ọ̀rá. Ó ní ẹ̀wà ni, ẹ̀wà sì dára fún alátọ̀gbẹ. Mo sè é, mo da ẹ̀fọ́ rírò lé e, Màámi jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní kí n bù sí i. Nígbà tí a wọn ṣúgà wọn lẹ́yìn wákàtí méjì, ó ti fò sókè bíi ti ọjọ́ tí wọ́n bá jẹ ìrẹsì. Inú mi bàjẹ́ gidigidi, nítorí èmi ni mo sè é, èmi náà ni mo bu àbùkún. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka ẹ̀yìn ọ̀rá kí n tó gbé ìkòkò kaná.

Shirataki àti glass noodles: àwọn méjì tó ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù

Noodles tó wà nínú omi ni wọ́n ń pè ní shirataki. Orúkọ Japan ni, ó túmọ̀ sí omi funfun tó ń já bọ́ láti òkè. Ẹni tó bá ti débi omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò rí á mọ ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Konjac ni wọ́n fi ń ṣe é, àgbègbè Gunma ni wọ́n sì ti ń gbin èyí tó pọ̀ jù nínú ti Japan. Ìbátan kókò wa ni konjac, ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko kó wọn sí. Ohun tó ta lábẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń wà, tí wọ́n ń sá, tí wọ́n ń lọ̀ ní ìyẹ̀fun. Ṣùgbọ́n sítáàṣì ló pọ̀ nínú kókò. Nínú ìyẹ̀fun konjac, fáíbà kan tí wọ́n ń pè ní glucomannan ló pọ̀ níbẹ̀. Ara wa kò lè sọ fáíbà yìí di ṣúgà. Ó ń fa omi mu púpọ̀púpọ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá pín shirataki sí ọ̀nà 100, nǹkan bíi 97 nínú rẹ̀ omi ni. Wọ́n máa ń fi calcium hydroxide sí i kó lè dì. Èròjà náà ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó sún mọ́ ti kán-ún. Tó bá ti dì, kò sí iná tó lè yọ́ ọ mọ́.

Glass noodles ní tirẹ̀, gbígbẹ ni. Ó ká jọ bí òwú, ó le, ó sì ń dán. Àwọn ará Ṣáínà ń pè é ní fensi. Wọ́n sábà máa ń fi ẹ̀wà kékeré aláwọ̀ ewé kan ṣe é, mung bean lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n sítáàṣì inú ẹ̀wà náà nìkan ni wọ́n mú. Amúaradàgbà rẹ̀ ti lọ, èèpo rẹ̀ ti lọ. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá rin ẹ̀gẹ́, tó fọ̀ ọ́, tó sé e, tó wá kó kìkì sítáàṣì tó silẹ̀ sísàlẹ̀ abọ́. Ẹ̀wà wà nínú orúkọ, kò sí nínú àwo. Ti àwọn ará Kòríà tí wọ́n ń pè ní dangmyeon nípọn díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi ti eérú. Sítáàṣì ọ̀dùnkún nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Bí ẹ bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ kò sì lè ka èdè ara ọ̀rá, ẹ gbé e sọ́wọ́. Shirataki wúwo, omi ń ṣàn nínú ọ̀rá rẹ̀ bí ẹ bá ti gbé e. Glass noodles fúyẹ́, bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n, á máa dún bí ewé gbígbẹ. Àmọ́ ẹ má fi èyí nìkan ṣe ìdájọ́ o. Udon, noodles àwọn ará Japan kan, náà máa ń rọ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀, àlìkámà ni, ó kàn nípọn ju shirataki lọ púpọ̀ ni. Shirataki gbígbẹ náà sì wà, àwọn kan a sì máa fi sítáàṣì lù ú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ wo àkọlé.

Ohun tí ẹ ó wá lẹ́yìn ọ̀rá

Àwọn àmì yìí wà lórí fóònù àbúrò mi, ó máa ń gbé fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rá kó lè fi wé e. Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Konjac ní èdè Ṣáínà: 魔芋. Ní èdè Japan: こんにゃく, tàbí kí wọ́n kọ しらたき, èyí tó jẹ́ shirataki gan-an. Ní ti Kòríà: 곤약. Ìwọ̀nyí lẹ fẹ́ rí.

Èyí tí ẹ kò fẹ́ rí níwájú ni 淀粉, sítáàṣì nìyẹn ní èdè Ṣáínà. Àwọn ará Kòríà ń kọ ọ́ ní 전분. Mo ti rí ọ̀rá tí wọ́n kọ konjac gàdàgbà sí iwájú rẹ̀, nígbà tí mo wo ẹ̀yìn, sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ló ṣáájú nínú àwọn ohun tí wọ́n pò pọ̀. Ohun tó bá pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú. Bí ẹ̀gẹ́ bá ṣáájú, ẹ̀gẹ́ lẹ ń rà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni láti Èkìtì lọ máa fi owó pọ́n-ùn ra ẹ̀gẹ́.

Tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n kọ iye sí, 碳水化合物 ni afúnnilókun, 膳食纤维 sì ni fáíbà. Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń da ìṣirò rú. Lára ọjà tí wọ́n ṣe àkọlé rẹ̀ fún Amẹ́ríkà, iye afúnnilókun tí wọ́n kọ ti kó fáíbà mọ́ ọn, nítorí náà ẹ ó yọ fáíbà kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó mọ èyí tó máa di ṣúgà. Lára ọjà tí wọ́n ṣe àkọlé rẹ̀ fún ìlú Ọba àti Yúróòpù, wọ́n ti yọ fáíbà kúrò kí wọ́n tó kọ iye náà. Bí ẹ bá tún yọ ọ́, ẹ ti tan ara yín jẹ nìyẹn.

Shirataki àti noodles wàrà sóyà

Ìgbà tí mo rí ìkejì yìí ni ọkàn mi tó balẹ̀. Tofu ni àwọn ará Éṣíà ń pè é, àmọ́ a mọ ọmọ ìyá rẹ̀ níbí: wàrà sóyà tí wọ́n ń dín tà lọ́jà, tí àwọn kan ń pè ní bẹ́sìkẹ́. Wọ́n á tẹ wàrà náà títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, tí yóò pẹlẹbẹ bí awọ, wọ́n á wá gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ìpara, tàbí kó pọ́n díẹ̀. Gansi ni àwọn ará Ṣáínà ń pè é. Ẹ wá 干丝 tàbí 豆腐丝 lára ọ̀rá. Inú fíríìjì tàbí fírísà ni ẹ ó ti bá a, kì í ṣe lórí pẹpẹ.

Shirataki kì í bọ́ ènìyàn. Ó ń kún inú, ó ń jẹ́ kí ọbẹ̀ rí nǹkan gùn lé, ó parí. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ láìsí ẹja, ẹyin tàbí ẹran, á máa rù, kì í sì í ṣe irú rírù tí a ń wá. Ti wàrà sóyà ní amúaradàgbà tó nǹkan bíi gíráàmù 15 sí 20 nínú gíráàmù 100, afúnnilókun rẹ̀ sì kéré. Màámi ti lé ní àádọ́rin ọdún, iṣan ara wọn ṣe pàtàkì sí mi bí ṣúgà wọn ṣe ṣe pàtàkì. Bí mo bá ní láti mú ọ̀kan ṣoṣo, ti wàrà sóyà ni n bá mú.

Ohun tó ń dí mi lọ́wọ́ ni iná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Adó, ẹ mọ bí iná ṣe ń rí. Noodles wàrà sóyà tí fírísà rẹ̀ yọ́, tó tún dì, tó tún yọ́, n kò lè fún àgbàlagbà jẹ. Òun náà kò ṣeé fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ẹni tó wà ní Manchester, tó lè ya ṣọ́ọ̀bù Wing Yip, tàbí ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà, tó lè dé ṣọ́ọ̀bù H Mart, lè máa jẹ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwa tí a wà nílé, Èkó ni a ti lè rí i, pẹ̀lú kúlà àti yìnyín, ká sì sè é lọ́jọ́ tó wọlé. Ohunkóhun tí ẹ bá rà ní Èkó, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀.

Shirataki kò ní wàhálà yẹn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbé lórí pẹpẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù bí wọn kò bá tíì ya ọ̀rá rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan ń fẹ́ fíríìjì, ara ọ̀rá ni wọ́n á ti sọ fún yín. Ẹ má fi sínú fírísà láé. Bí omi inú rẹ̀ bá ti di yìnyín, tó wá yọ́, gbogbo rẹ̀ á sún kì, á di rọ́bà.

Sóyà gbígbẹ àti soba

Àwọn noodles gbígbẹ kan wà tí wọ́n fi odindi ìyẹ̀fun sóyà ṣe, ti sóyà dúdú tàbí ti sóyà tútù aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní edamame. Ìwọ̀nyí yàtọ̀ pátápátá sí glass noodles, nítorí wọn kò yọ amúaradàgbà kúrò. Nínú gíráàmù 100, amúaradàgbà á tó nǹkan bíi 40, fáíbà bíi 20. Afúnnilókun tó máa di ṣúgà sábà máa ń wà láàárín 10 sí 20. Ó fúyẹ́, ó sì ń pẹ́ kó tó bàjẹ́, inú àpótí ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun ló yẹ ẹ́ jù.

Soba, noodles àwọn ará Japan, ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ kan náà, àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀, àwọn ènìyàn sì máa ń sọ pé ó dára fún ara. Ó dára lóòótọ́ fún ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n buckwheat, irú hóró kan tí wọ́n ń lọ̀ ní ìyẹ̀fun, ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì sábà máa ń lù ú mọ́ àlìkámà. Afúnnilókun rẹ̀ ní gbígbẹ lé ní 70 nínú gíráàmù 100. Ìrẹsì tí wọ́n sọ di noodles tó nǹkan bíi 80. Indomie tí àwọn ọmọ wa ń jẹ lé ní 60. Kò sí èyí tí mo lè fún Màámi nínú wọn.

Kelp noodles náà wà, ewéko inú òkun ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó mọ́ gaara, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́nu, ẹ lè jẹ ẹ́ láìsè. Ara sàláàdì ló yẹ ẹ́, kò bá ọbẹ̀ wa lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kó rọ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ àti baking soda díẹ̀ sí. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, Màámi tọ́ ọ wò, wọ́n rọra tì í sẹ́yìn.

Èyí ni bí wọ́n ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nínú gíráàmù 100 bó ṣe wà nínú ọ̀rá kí ẹ tó sè é:

| Noodles | Afúnnilókun | Amúaradàgbà | Ibi tó ń gbé |
|---|---|---|---|
| Shirataki inú omi | bíi 3, fáíbà ni púpọ̀ jù | kò tó 1 | pẹpẹ tàbí fíríìjì |
| Wàrà sóyà gígé | kò pọ̀ | bíi 15 sí 20 | fíríìjì tàbí fírísà |
| Sóyà gbígbẹ | bíi 10 sí 20, yàtọ̀ sí fáíbà | bíi 40 | pẹpẹ |
| Glass noodles | bíi 86 | kò tó 1 | pẹpẹ |
| Soba gbígbẹ | lé ní 70 | bíi 14 | pẹpẹ |

Ẹ rántí pé àwọn gbígbẹ máa ń fa omi bí ẹ bá sè wọ́n, nítorí náà gíráàmù 50 sóyà gbígbẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àwo kan. Shirataki kì í wú, bó ṣe wà nínú ọ̀rá náà ni yóò ṣe wà nínú àwo.

Bí mo ṣe ń sè é

Shirataki ni mo máa pẹ́ lé lórí, nítorí òun ni àwọn ènìyàn máa ń dà nù kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n sè. Bí ẹ bá ya ọ̀rá rẹ̀, òórùn kan á jáde bíi ti ẹja. Kò bàjẹ́. Omi tó wà nínú ọ̀rá ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Ẹ da omi náà nù, ẹ da noodles sínú asẹ́, ẹ fi omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ dáadáa, bíi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ẹ gbé omi kaná, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, bó bá ti hó, ẹ da noodles sí i fún ìṣẹ́jú 3. Ẹ sẹ́ ẹ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni èyí tó kàn. Ẹ gbé páànù gbígbẹ kaná, láìsí epo, láìsí òróró. Ẹ da noodles sí i, ẹ máa rò ó. Ooru á máa rú, omi á máa gbẹ. Títí bíi ìṣẹ́jú 6 tàbí 8, ẹ ó gbọ́ tó ń ké wín-ín wín-ín bí ẹ bá fi síbí tì í. Omi ara rẹ̀ ti gbẹ nìyẹn. Bí ẹ bá fo èyí, omi yẹn á tú sínú ọbẹ̀ yín, ọbẹ̀ á ṣàn, noodles á sì máa yọ̀ tẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó sọ̀ ọ́, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e sí kéékèèké. Èyí kì í ṣe nítorí ẹwà. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ̀fọ́ rírò ni mo fi ń jẹ ẹ́ jù. Tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ, irú tí mo rà ní Ọjà Ọba, ẹja gbígbẹ, ata, àlùbọ́sà, epo pupa níwọ̀n. Bí ata bá ti dín tán, kí ẹ̀fọ́ tó wọlé, ìgbà yẹn ni mo máa ń da shirataki sí i, kó lè jẹ́ ìṣẹ́jú 10 nínú ata náà. Konjac kì í tètè gba adùn. Ẹni tó bá dà á sí ọbẹ̀ nígbà tí ọbẹ̀ jinná tán á máa jẹ noodles lọ́tọ̀, á máa jẹ ọbẹ̀ lọ́tọ̀. Irú ló ń gbé e. Òórùn ẹja tí àwọn òyìnbó ń sá fún, bí irú bá ti wọ inú ìkòkò, kò sẹ́ni tó ń rántí rẹ̀ mọ́.

Ti wàrà sóyà rọrùn: ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan sí méjì kí òórùn ẹ̀wà lè kúrò, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ dà á sí ata dín-dín tàbí ẹ̀gúsí. Sóyà gbígbẹ ní tirẹ̀ máa ń hó, ìfóòfó rẹ̀ á sì bo iná bí ẹ bá kúrò nídìí rẹ̀, nítorí náà ẹ lo ìkòkò ńlá. Ẹ tẹ̀ lé iye ìṣẹ́jú tó wà lára ọ̀rá.

Kí ẹ tó fún àgbàlagbà jẹ

Konjac kì í já lẹ́nu bí indomie. Ẹni tí eyín rẹ̀ ti dín, tàbí ọmọdé, lè gbé e mì ní gígùn kó sì há a lọ́fun. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ gé e nìyẹn. Kí wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́nu dáadáa, kí wọ́n sì mu omi sí i.

Ọ̀rọ̀ oògùn wúwo ju ìyẹn lọ. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tàbí tó ń lo àwọn oògùn àtọ̀gbẹ tó máa ń já ṣúgà wálẹ̀ bíi glibenclamide, kò gbọdọ̀ ṣàdédé fi shirataki rọ́pò ùyán lálẹ́ kó sì lo ìwọ̀n oògùn kan náà. Ṣúgà lè já wálẹ̀ jù lóru, ìyẹn sì léwu ju kó ga díẹ̀ lọ. Dókítà Màámi ni mo kọ́kọ́ bá sọ ọ́, a sì ń wọn ṣúgà wọn lóòrèkóòrè ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Fáíbà konjac tún lè dí oògùn oníhóró lọ́wọ́ kó má tètè wọ ara, nítorí náà ẹ béèrè àsìkò tó yẹ kí wọ́n lo oògùn wọn. Ẹni tó ní gẹ̀gẹ̀ tàbí tó ń lo oògùn rẹ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó máa jẹ kelp àti sóyà déédéé, torí áyódíìnì tó wà nínú kelp lè pọ̀ jù, sóyà sì lè dí oògùn náà lọ́wọ́.

Bí a ṣe ń ṣe é báyìí nìyí: shirataki lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ẹja tó pọ̀, sóyà gbígbẹ lẹ́ẹ̀kan, wàrà sóyà gígé nígbàkigbà tí ẹnì kan bá ti Èkó bọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ùyán kékeré kan, mo ti wọ̀n ọ́n kí n tó bù ú, ẹ̀fọ́ sì máa ń pọ̀ jù ú lọ nínú àwo. Mo ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àbúrò mi fún oṣù tó ń bọ̀: shirataki ọ̀rá mẹ́jọ, sóyà dúdú gbígbẹ mẹ́rin, kó fi kelp sílẹ̀, kó sì ya àwòrán ẹ̀yìn ọ̀rá kọ̀ọ̀kan fi ránṣẹ́ sí mi kó tó sanwó.